Eku Kò Jẹ Géèmù Rẹ

Tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Eku kò jẹ géèmù rẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ, torí bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo mọ ara mi, màá kí ọ títí ìwé á fi kún, màá sì buwọ́ lù ú láìsọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o béèrè rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì parọ́ fún ọ. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní eku ti gé wáyà inú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní eku ti jẹ ẹ́ tán. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí o ní kí n ṣáà fi èyí tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́ bó ti wù kó rí, mo ní mo ti sun ún. Ọmọ mi, kò sí eku kankan. Ológbò màmá rẹ kò jẹ́ kí eku yọjú sílé wa láti bí ọdún mẹ́ta, ìwọ náà sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi dákẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà kí o tó ní ó dáa, Bàbá. Ìdákẹ́ yẹn ti ń jẹ mí lára láti oṣù kẹrin.

Ní báyìí tó ti jáde lẹ́nu mi, mo lè wá kí ọ bí ènìyàn gidi. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú títì, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí o ń gùn lójoojúmọ́ má ṣe rẹ̀ ọ́ lórúnkún. Màmá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ eku o, kí o má ka òun mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń bá mi ra bátìrì rẹ̀.

Ilé wà bó ṣe wà. Yàrá rẹ náà wà bẹ́ẹ̀, àyàfi pé màmá rẹ kó àlùbọ́sà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ torí ó ní ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé, nítorí náà bí o bá dé tí ojú ń ta ọ́ lórí irọ̀rí, má rò pé ẹkún ni. Sálúbàtà rẹ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí ìkejì wọlẹ̀ sí, àbí o gbé ẹsẹ̀ kan lọ ni? Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, torí bí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ tí mo rí i láti ọ̀ọ́kán, ó máa ń tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kí n tó rántí pé o ò sí nílé. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Bí ọ̀rọ̀ géèmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí o lọ gan-an, nígbà tí mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀ tí mo padà sílé, mo wọ yàrá rẹ láti ti fèrèsé, mo sì rí i lábẹ́ irọ̀rí, ohun kékeré tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, èyí tí o rà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ta àlòkù ẹrù òkèèrè. Iná pupa ń tàn lára rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí ti gbàgbé iná sílẹ̀, àwọn oníná á gbé bíìlì wá. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, ni ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ kedere, ni orin bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, èdè àwọn ará òkèèrè ni, ó rí bí ibi tí adìẹ ti sáré kọjá lórí ẹrẹ̀. Mo kàwé dé ìwé mẹ́wàá, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún péré ni mo rí kà, àwọn márààrún sì ni orúkọ tí mo fi ń pè ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́. TEERE. Kò ní àmì lórí, ṣùgbọ́n ta ni mo tún mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo jókòó lé bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ti fèrèsé mọ́.

O ti kọ orúkọ yẹn sí ibi méjì. Ọmọ tó ń rìn kiri inú rẹ̀ ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan kékeré tó ń tẹ̀ lé e náà sì ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́. Mo wò ó títí. Kòkòrò ni, aláwọ̀ ewé, kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀ tó ṣeé kà, ojú ló gba ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ẹranko abàmì pọ̀ níbẹ̀ tí ènìyàn lè mú, oníná wà níbẹ̀, alágídí wà, eléyín gàgàrà wà. Nínú gbogbo wọn, èyí tí kò lè pa eṣinṣin ni ìwọ mú, o sì sọ ọ́ ní orúkọ ara rẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pípọ òwú lẹ́nu. Bí ẹranko mìíràn bá dojú kọ ọ́, á pọ òwú lé e lórí, á wá máa wò ó. Tẹ́ẹ́rẹ́, télọ̀ ni mí. Mo rí ẹni tó ń pọ òwú tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kí lo fẹ́ kí n ṣe?

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí n ṣáà máa ṣọ́ ọ títí wàá fi béèrè rẹ̀. Ẹyẹ kan ló kọ́kọ́ dojú kọ wá, ẹyẹ tí kò tóbi rárá, ó fi ẹnu ṣá a lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ já wálẹ̀, ó di pupa. Mo kígbe. Oníbàárà kan wà níwájú mi tí mo ti fi píìnì há aṣọ mọ́ lára, ó fò sókè, píìnì mẹ́ta gún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ṣé ejò ni. Mo ní rárá, ọmọ mi ni. Kò padà wá gba aṣọ yẹn fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló rán wá.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, èyí tó yẹ kí ìjọba wa lọ wò. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò béèrè káàdì, kò fún ènìyàn ní fọ́ọ̀mù, kò ní kí n lọ jókòó sọ́hùn-ún kí n dúró de orúkọ mi. Á gba ọmọ náà, á gbé e síbì kan, orin kékeré kan á dún, á dá a padà pẹ̀lú ara líle. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣí fìlà. Màmá rẹ bi mí pé ta ni mò ń kí, mo ní nọ́ọ̀sì, ó ní dókítà náà ńkọ́, ṣé ó ti lọ jẹun bíi ti ibí? Láti ọjọ́ náà, bí a bá ja ìjà kan, a ti dé ilé ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí a tó ní ìlọsíwájú. Àwọn tí a bá sì ṣẹ́gun, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí a tó kúrò níbẹ̀, mo ní ẹ má bínú, ọmọ náà ò ní baba níbí ni.

Torí ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ilé yín. Obìnrin kan dúró ti tábìlì, mo gbà pé màmá ọmọ náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ nígbà gbogbo, kì í sì í jókòó. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo gun òkè ilé náà, mo wo ẹ̀yìn ilé, mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo wá baba títí, mi ò rí i. Kò sí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àga rẹ̀. Ṣé bí àwọn tó ṣe é ṣe rí i nìyẹn, tàbí baba náà wà ní ṣọ́ọ̀bù? Mo ti sọ fún ara mi pé ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ní ìrọ̀lẹ́, kí n tó pa á, mo máa ń mú ọ rìn padà, ibi yòówù kí a dé, títí wàá fi wọ ilé náà tí wàá fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn. Ìgbà náà ni màá tó pa iná. Màmá rẹ ní kí ló dé tí mo ń fi ìka jó báyìí nígbà tí oúnjẹ ti délẹ̀. Mo ní kí ọmọ wọlé ná.

Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kòkòrò yẹn. Márùn-ún ni nígbà tí mo rí i. Nígbà tó di mẹ́fà, tó di méje, ó yé mi pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Mo wá ń retí kó ga. Ṣé o rántí pé a máa ń sọ fún ọ pé oṣù méje ni wọ́n bí ọ, o ò ju rólù òwú méjì lọ, nọ́ọ̀sì ní kí a máa wọ̀n ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, a ò sì ní òṣùwọ̀n, ni mo bá ń fi téèpù mi wọ̀n ọ́ láti àtàrí dé gìgísẹ̀, mo ń kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù? Èyí náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fi téèpù wọ̀n ọ́n lórí gíláàsì ojú géèmù. Ìdajì íńṣì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì íńṣì. Ó di ọmọ ọdún méjìlá, ó di ọmọ ogún ọdún, ìdajì íńṣì ṣì ni. Mo ní bóyá gíláàsì ló há mọ́ ọn.

Gìrì sì tún dé. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kọ́kọ́ mú un. A ṣẹ̀ṣẹ̀ borí kòkòrò mìíràn ni, inú mi dùn, ni gbogbo ojú géèmù bá funfun, ni orin bá yí padà, ni ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara rẹ̀ ń tàn, ó ń parẹ́, ó ń yọ, ó ń parẹ́, ó ń yọ. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí gìrì mú ọ lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Mo gbé ọ mọ́ àyà, mo fi ẹsẹ̀ sáré dé ilé ìwòsàn, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ mi kejì, àwọn ènìyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Mi ò ní gbàgbé bí ojú rẹ ṣe funfun. Nítorí náà nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣíwájú ọpọlọ mi, mo tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó sì dáwọ́ dúró. Ó padà sípò, kòkòrò kékeré, ó ń wò mí. Omi bọ́ lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti lé ẹyọ kan, gìrì á dé. Mo sọ fún màmá rẹ pé mi ò tíì rí irú ọmọ tí ọjọ́ ìbí ń kó àìsàn bá báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ oògùn rẹ̀, àtàǹpàkò mi á ti wà lórí bọ́tìnì kí ìjà tó parí. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí etí tábìlì fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo gbà á là. Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ń wú fùkẹ̀ lórí rẹ̀, kí n má parọ́. Mo ń ronú pé bí o bá dé, màá fi àwọn ìlà náà hàn ọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ẹ̀yin méjèèjì di ẹgbẹ́, ni mo lọ sí báńkì. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n bi mí nínú rẹ̀ pé ẹni mélòó ni mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Mo ronú, mo kọ méjì. Akọ̀wé báńkì ní ta ni wọ́n, mo ní ìyàwó mi àti ọmọ kan. Ó ní ọmọ ọdún mélòó, mo ní mẹ́rìnlélógún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ti kúrò nínú ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Mo ní bí ẹ bá rí i ni, kò ju báyìí lọ, mo fi ìka hàn án. Ó wò mí, ó pa méjì náà rẹ́, ó kọ ọ̀kan síbẹ̀, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Ohun tó sọ yẹn bá mi dé ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò ju ìdajì íńṣì. Mo ní àìsàn kan ló wà lára ọmọ yìí tí nọ́ọ̀sì wọn kò rí.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wáyà. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń de gíláàsì kan mọ́ ojú kan ṣoṣo, tó ń to nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú ọmọrí ìgò. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí ó ṣe kọ̀ láti ga, bí gìrì ṣe ń mú un, bí mo ṣe ń gbà á là. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ṣe irú géèmù yìí rí nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kí n bá ẹnì kan jà kí òun rí i. Mo jà. Ọjọ́ orí rẹ̀ di márùndínlọ́gbọ̀n, gìrì bẹ̀rẹ̀. Kí Wáyà tó ya ẹnu, àtàǹpàkò mi ti délẹ̀. Ó lù mí lọ́wọ́ pẹ́ẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó ní Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe! Mo ní mo ń wò ó sàn ni. Tẹ́ẹ́rẹ́, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí gìrì, kò sí àìsàn. Ó ní dídàgbà ni ọmọ fẹ́ dàgbà. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ara rẹ̀ á gbọ̀n, á bọ́ awọ ìkókó, á hu ìyẹ́ níkẹyìn, á fò. Ó ní bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, rárá ni ẹ ń sọ fún un. Ẹ ti sọ rárá fún un nígbà mẹ́rìndínlógún, ẹ wá ń fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ó na ọwọ́ pé kí n mú un wá, kí òun ja ìjà kan sí i, kí òun fi hàn mí. Mo pa iná, mo ju géèmù sápò. Mo ní mo fẹ́ lọ wo áyọ́ọ̀nù tí mo gbé síná. Mi ò gbé áyọ́ọ̀nù kankan síná.

Mi ò lè rìn délé tààrà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì ń ronú pé kò bá mi jà rí. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló gbìyànjú, tí mo dá a padà, á wò mí pẹ̀lú ojú ńlá yẹn, á sì tún lọ jà fún mi, á pọ òwú tó ní. Bí mo ṣe ń ronú bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ojú sókè, mo rí fèrèsé tí ìwọ máa ń lọ dúró sí láti béèrè lẹ́tà.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì sọ, Tẹ́ẹ́rẹ́. Bóyá kò tiẹ̀ yẹ kí n sọ ọ́, bóyá torí kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́ ni mo fi fẹ́ gbé e lé ọ lórí, mi ò mọ̀. Lẹ́tà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí o retí, èyí tí o ní wọ́n ṣèlérí tí kò dé, ó dé. Oníwèé ìfìwéránṣẹ́ fi í lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí o wá ní ọjọ́ kejìlá oṣù. Mo fi í sínú àpótí kékeré abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lábẹ́ àwọn bọ́bìnì, mo ní kí n fún ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ní ó di àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ojoojúmọ́ ni o ń lọ sí fèrèsé yẹn tí o ń padà, o sì ń bá mi kó àgékù aṣọ nílẹ̀, ọjọ́ kejìlá dé, ó kọjá. Mo ń sọ fún ara mi pé kò tíì tó, ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìgboro á fọ́ ọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Oṣù méje gbáko ni o tún lò níbí kí òmíràn tó dé.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún màmá rẹ. Mo rò pé á pariwo. Ó ń bó nǹkan lọ́wọ́, kò dúró. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń gbá ẹ̀gbin inú àpótí ẹ̀rọ yẹn? Ó ní òun ń retí pé màá yọ ọ́ fúnra mi, nígbà tí ọjọ́ sì ti kọjá, òun lọ bá oníwèé ìfìwéránṣẹ́, òun ní bí òmíràn bá dé, ọwọ́ ọmọ náà gan-an ni kó fi í sí, kó má fún ẹnikẹ́ni tó bá fi téèpù kọ́rùn. Ọdún mẹ́ta rèé tí a jọ ń jẹun, tí kò sọ ọ́ sí mi létí. Mo bi í pé ṣé ó bínú sí mi. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti bínú tán.

Lẹ́tà náà wà nínú àpò ìwé tí mo fi èyí sí. Epo ẹ̀rọ ti kán sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Bí o bá fẹ́ ya á, ya á. Bí o bá fẹ́ fi pamọ́ kí o máa fi mú mi lójoojúmọ́, ó tọ́ sí mi.

Ohun tí kò yé mi nípa ara mi ni pé kò sí aṣọ tí mo rán fún ọ rí tí mi ò ṣẹ́po etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní íńṣì mẹ́ta, kí a lè máa tú u bí o bá ń ga. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti kékeré, a tú ti ọdún yìí, a tún tú ti ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ mi mọ̀ pé wàá ga, èmi ni mi ò mọ̀. Kódà aṣọ tí o wọ̀ lọ sí ibùdókọ̀, íńṣì mẹ́ta wà nínú etí rẹ̀. Màmá rẹ ní ṣé ẹni ọdún méjìlélógún ṣì ń ga ni. Mo ní ta ló mọ̀.

Mo kọ́kọ́ ní kí n fi kòkòrò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi wá sílé, kó lè dàgbà lójú rẹ. Mo fi ọjọ́ méjì rò ó. Ó wá hàn sí mi pé bọ́tìnì kan náà ni mo ṣì fẹ́ tẹ̀ yẹn, ọ̀nà mìíràn ni mo gbà. Awakọ̀ tó ń gbé ẹrù wá sí ìgboro yín ń lọ lọ́la, ní agogo méjìlá ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ni màá fi í rán sí ọ. Mo ti wá àgékù aṣọ onífúlánẹ́ẹ̀lì tí màá fi dì í, mo ti fi bátìrì tuntun sí i. Bí o bá ṣí i, ojú ọ̀nà ni wàá ti bá ara rẹ, mi ò ní mú ọ wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Má bínú bí o kò bá dá kòkòrò náà mọ̀ mọ́. Bá mi fi nǹkan wọ̀n ọ́n lórí gíláàsì, kí o kọ iye íńṣì rẹ̀ sí mi.

Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ lóṣù yìí, bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi ti ń yọ̀, mo sì ti fi owó rẹ̀ ra bátìrì títí, nítorí náà ẹjọ́ mi ni. Má yá owó torí rẹ̀, bí kò bá sí, màá máa fi ọwọ́ yí i. Fi fọ́tò ara rẹ kan kún un, kí ó jẹ́ èyí tí o dúró, kì í ṣe ti ojú nìkan, kí n rí ibi tí etí aṣọ rẹ dé.

Kí Ọlọ́run tó sọ oṣù méje di ènìyàn máa wà pẹ̀lú rẹ. Ibi tí o bá fẹ́ dé, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ dúró níbẹ̀, bó ti wù kí ẹni náà fẹ́ràn rẹ tó. Àwọn tí wọ́n bá pàdé rẹ, kí wọ́n ṣe ọ́ jẹ́jẹ́. Kí ilé máa wù ọ́ í wá, kì í ṣe torí pé wọ́n dì ọ́ mú.

Lọ́la, lẹ́yìn tí mo bá jẹun àárọ̀, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá tan géèmù náà, màá mú un lọ bá ẹyẹ kékeré yẹn, a ó jà. Bí ojú rẹ̀ bá ti funfun, tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, màá gbé e sórí tábìlì níwájú mi, màá sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ